Bí Ajókòósáyà Ṣe Sọ̀kalẹ̀ Kúrò Lórí Àyà Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn lè rí ibi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò yìí. Ẹni tí ó bá gbé iṣu kaná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó padà wá, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, èmi tí ẹfọ̀n rí tí ó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀, èmi tí ẹkùn máa ń yà fún lójú ọ̀nà, tí yóò sì tún bi mí pé ará ilé ńkọ́. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ọdẹ tí kò bá yin ara rẹ̀, ta ni yóò bá a yìn ín? Ẹran tí ó pa kò kúkú lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí ó mú mi pè yín jọ ni pé ní ìjẹta, mo gbọ́ tí ẹnìkan nínú yín ń sọ nípa aládùúgbò rẹ̀ tí kò lè dìde lórí ẹní, pé ọ̀lẹ ni, pé pàṣán mẹ́fà ni oògùn rẹ̀. N kò ní dárúkọ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n fìlà aláwọ̀ ewé ni ó wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Má ṣí i, jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí, kí ó tó kàn mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ń jẹ́ Ògúnwándé. Ogún ọdún ni a fi jọ ṣọdẹ. Èmi ni mo mọ ìgbà tí yóò sín kí ó tó sín. Ní ọdún kan, ó kú sínú igbó, oká ni ó bù ú ṣán. Ẹ sì mọ̀ pé bí ọdẹ bá kú, a gbọ́dọ̀ ṣe ìṣípà rẹ̀: a ó kó ohun ọdẹ rẹ̀ jọ, a ó kọ orin arò àwọn ọdẹ, èyí tí à ń pè ní ìrèmọ̀jé, kí òkú náà tó lè yà kúrò lẹ́gbẹ́ wa kí ó lọ sinmi. Alájọrìn rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu. Alájọrìn Ògúnwándé, èmi ni.

Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Wọ́n sún un di oṣù kejì, mo la ẹnu, ó gbẹ bí ikùn àgbè ọdún mẹ́wàá. Ó di ọdún kan, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Àpò Ògúnwándé, ìbọn rẹ̀ àti ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ yàrá Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò lè gbé e kúrò, kò sì lè gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Níkẹyìn, Olúọdẹ wa pè mí, ó ní, “Ọdẹ́rìnlọ, ọdún Ògún tí ń bọ̀ yìí ni òpin. Bí o kò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn yóò kọ ọ́, a kò sì ní pè ọ́ ní alájọrìn rẹ̀ mọ́.” Oṣù mẹ́ta péré ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó di ẹnu mi. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ gbogbo, bí mo bá ti lajú, iwin kan á ti jókòó sí mi láyà. Mo sọ ọ́ ní Ajókòósáyà. Ó tóbi tó àgbá omi, kò ní ojú, kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó ní ìdí, ẹ̀yin ará, ìdí náà sì wúwo! Bí ó bá ti jókòó, oúnjẹ kò ní ta létè mi mọ́, ẹ̀rín ọmọ kò ní dùn létí mi, èmi tí mo ń sáré mú ìgalà á wá máa ro ó lẹ́ẹ̀mẹfà kí n tó na ọwọ́ sí ife omi. Mo yìnbọn fún un. Ọta gba inú rẹ̀ kọjá, ó lọ fọ́ ìkòkò omi mi. Mo mu àgbo, mo sín gbẹ́rẹ́, dókítà ìlú wa fún mi ní oògùn oníhóró tí mo lò fún oṣù mẹ́jọ. Ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ojú mi, ṣùgbọ́n ní ti èmi, Ajókòósáyà kàn sún ìdí síwájú díẹ̀ ni.

Ni mo bá gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ igbó lọ. N kò tíì rìn jìnnà nígbà tí mo rí akíka kan. Mo na ìbọn sí i, ó rẹ̀ mí láti fa ohun ìyìnbọn. Akíka náà ká jọ, ó di ìṣù kan ṣoṣo, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú ìpẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ, ìwọ náà ha ti ká jọ bí èmi?”

Mo ní, “Ta ni ó ká jọ? Èmi Ọdẹ́rìnlọ?”

Ó ní, “Èmi a máa ká jọ bí mo bá rí ewu, ṣùgbọ́n bí ewu bá lọ, mo máa ń tú. Ìwọ ti ká jọ láti ọdún mẹ́ta. Máa lọ sí ìlú Elétí, ní ẹ̀yìn igbó keje. Bí o bá dé ibẹ̀, má ṣe bí o ṣe ń ṣe.” Ó tú ara rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi tí àwọn ẹranko ń bẹ̀ fún ẹ̀mí wọn, akíka ni ó wá ń gbà mí nímọ̀ràn. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Igbó mẹ́fà ni mo là kọjá. Bí mo bá ní kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn tí ń fọ́mọ lọ́mú nínú yín yóò já ọmọ lẹ́nu ọmú kí n tó parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀kẹfà nìkan, nítorí inú rẹ̀ ni ìlú Ṣọkàngírí wà.

Ní ìlú Ṣọkàngírí, gbogbo ènìyàn ni ó ní ìmọ̀ràn, kò sì sí ẹni tí ó ní àga tí yóò fi lọ̀ ọ́. Bí wọ́n ti rí mi báyìí, ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ sáré jáde, ó ní, “Ṣe ọkàn rẹ gírí! Ọkùnrin kì í sunkún.” Ó sọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà di òkúta, ó jù ú sínú àpò mi. Obìnrin kan ní, “Kí ni o kò ní? O lójú, o lẹ́sẹ̀, o láya nílé, o tún ń banújẹ́!” Òkúta kejì nìyẹn. Àgbàlagbà kan ní, “Ẹni tí wàhálà rẹ̀ ju tìrẹ lọ wà.” Mo ní, “Baba, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sínú àpò mi.” Ó ti jù ú. Nígbà tí mo fi máa dé òpin ìlú náà, òkúta ogójì ni ó wà nínú àpò mi, Ajókòósáyà sì jókòó lé mi láyà, ó ń mi ẹsẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, gbogbo ohun tí wọ́n sọ kò burú, òmíràn sì jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù ń pa, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀ ọ́ ná, kí ẹ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Mo dà wọ́n nù lẹ́bàá odò, mo la igbó keje já, mo dé ẹnubodè ìlú Elétí. Aṣọ́bodè tí ó wà níbẹ̀ gùn bí igi ọ̀pẹ, ọrùn rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ bí àmì ìbéèrè nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Kì í ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn láì pa àlọ́ fún un. Ènìyàn méjì wà níwájú mi.

Ó bi èkíní pé, “Kí ni ó ń gun òkè nínú ènìyàn tí kò lẹ́sẹ̀?” Ọkùnrin náà ní, “Ẹ̀jẹ̀ ríru.” Aṣọ́bodè ní, “Tìrẹ ń gùn ún lọ́wọ́lọ́wọ́. Lọ tọ́jú rẹ̀ kí ó sọ̀kalẹ̀ ná, kí o tó padà wá.” Ó bi èkejì pé, “Kí ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé tí kò sẹ́nìkan?” Obìnrin náà ní, “Ohùn tí èmi nìkan ń gbọ́.” Aṣọ́bodè kò lé e. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, “Ìyá, oògùn ti ibí yìí yóò da tìrẹ rú ni. Àgbàlá kejì ni wọ́n ti ń tọ́jú irú yín, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.” Ó fi ẹnìkan tẹ̀lé e lọ síbẹ̀.

Ó wá kàn mí. Ó ní, “Kí ni ó ń wọ inú onílé lọ tí ó ń lé onílé jáde?”

Mo ní, “Ọtí.”

Ó ní, “Ìwọ ńkọ́, ṣé ó ń lé ọ jáde?”

Mo ní, “Akèrègbè ẹmu kan ní alaalẹ́ ni.”

Ó wò mí, ọrùn rẹ̀ tún tẹ̀ sí i. Mo ní, “Ó dára, mẹ́ta.” Ó ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi kan fún ọjọ́ mẹ́wàá láì fẹnu kan ẹmu. Mo jókòó. Bí ó ti ń ṣe mí ní ọjọ́ kẹrin, ẹ má bi mí.

Nígbà tí mo wọlé, wọ́n mú mi lọ bá Ìyá Elétímẹ́rin. Etí mẹ́rin ni ó ní lóòótọ́, méjì ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ìpàkọ́, ẹnu rẹ̀ sì kéré bí ihò ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ni Dìímú. Ìka ọwọ́ Dìímú gùn bí igi tí wọ́n ń fi gbé ewé iṣu, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kí ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ aláìsàn, kí ó máa gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ kú ilé. Oògùn ni mo wá gbà.”

Ó ní, “Ọmọ mi, jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta ni a ó fi sọ̀rọ̀ ná.”

“Ìyá, mo lè sọ tèmi lórí ìdúró.”

“Kí ni o fẹ́ kí ó yí padà?”

“Mo fẹ́ kọ ìrèmọ̀jé fún ọ̀rẹ́ mi kí ọdún Ògún tó pé. Oṣù kan ààbọ̀ ni ó kù.”

Ó mi orí. Ó gbé àdó kékeré kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ sí àárín èmi àti òun. Ó ní, “Kẹ́tamíìnì ni wọ́n ń pè é. Ní ayé yín, àwọn oníṣẹ́ abẹ a máa fi púpọ̀ rẹ̀ kun ènìyàn lóorun kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Díẹ̀ ni a ń lò níbí, a ó fi sí ọ lábẹ́ ahọ́n. Ìwọ̀nba yẹn kò ní gbé ọ sùn. Yóò kàn sún ọ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nídìí ẹrù rẹ, kí o lè rí bí ó ṣe rí.”

Mo ní, “Òun ni yóò wá pa Ajókòósáyà?”

Ó ní, “Kì í pa nǹkan kan. Ó ń mú ilẹ̀ rọ̀ ni, ìwọ ni yóò kọ ebè. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ tí o kò kọ ebè, yóò tún le padà. Mo sì ń sọ fún ọ lójú ara rẹ pé ó sàn fún àwọn kan gan-an, ó sàn díẹ̀ fún àwọn mìíràn, àwọn kan wà tí kò ṣe nǹkan kan fún. Ẹni tí ó bá ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ, sá fún un.” Ẹ wo obìnrin yìí! Oníṣègùn tí kò yin oògùn rẹ̀. Mo rò pé ọjà rẹ̀ kò tà ni.

Ọjọ́ mẹ́ta náà pé. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi ní yàrá kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù ọdẹ mi, wọ́n fi aṣọ rírọ̀ bò mí lójú. Ẹnìkan ń fi dùùrù kọrin jẹ́ẹ́ ní ìta. Dìímú fi ìka lé ọrùn ọwọ́ mi, Ìyá jókòó lórí àpótí, oògùn náà sì korò lábẹ́ ahọ́n mi ju ewúro lọ.

Ẹ gbọ́ o! Kò pẹ́, ètè mi kú. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí mi, mo ń pè é, kò gbọ́. Àjà ilé lọ. Mo rí ara mi nísàlẹ̀, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ rí jágbajàgba, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, mo sì ronú pé, “Áà, ta ló lọmọ yìí?” Ajókòósáyà wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, òun dá wà, èmi dá wà. Mo yí i ká. Mo wò ó lẹ́yìn. Kò tóbi tó bí mo ṣe rò. Lẹ́yìn èyí, igbó kan yọ síwájú mi, igbó tí Ògúnwándé kú sí. Ọ̀nà yà sí méjì níbẹ̀. Ohùn kan ń bọ̀ láti ọ̀nà òsì. Mo mọ ohùn náà. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo gba ọ̀nà ọ̀tún sáré lọ.

Nígbà tí ara mi padà bọ̀ sípò, ó fúyẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gbé iyán wá. Ìyá Elétímẹ́rin ní, “Kí ni o rí?”

Mo ní, “Ẹkùn mẹ́ta. Mo pa gbogbo wọn.”

Ó fọwọ́ kan etí iwájú orí rẹ̀. Ó ní, “Etí yìí kò gbà á. Kò burú. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni a ó jókòó, kí a sọ ọ́.”

Ibi tí mo ti ṣe bí mo ṣe ń ṣe nìyí. Mo ronú pé, kí ni a tún fẹ́ sọ? Nílé wa, bí oníṣègùn bá fún ènìyàn ní oògùn, a máa ń gbé e lọ lò nílé ni. Ta ni ó ń jókòó ti àgbo pé kí á jọ sọ̀rọ̀? Ọdẹ tí ó ti mọ igbó tí ẹran wà kò tún nílò afinimọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn mú, tí gbogbo wọn rẹjú, mo na ọwọ́ mú àdó, mo tì í sábẹ́ ẹ̀wù, mo fò jáde lójú fèrèsé. Èmi Ọdẹ́rìnlọ, olè! Ẹ má tì mí lójú, ó ti tì mí tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi fò bí ẹ̀lulùú. Mo ń kọrin, mo ń kí igi. Ní ọjọ́ keje, mo lajú, Ajókòósáyà ti dé, ó sì mú àbúrò rẹ̀ wá. Àwọn méjèèjì ni ó jókòó sí mi láyà. Mo ní kò tó nǹkan. Mo ṣí àdó, mo dà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì ìwọ̀n tí Ìyá fún mi, nítorí ọdẹ kì í fi ìwọ̀n lá oògùn. Etí odò ni mo wà. N kò mọ̀ pé mo ṣubú. N kò mọ ọwọ́ mi yàtọ̀ sí gbòǹgbò igi. Ọkàn mi wà lókè réré, kò sí ẹni tí ń kọrin, kò sí ẹni tí ó di ọwọ́ mi mú, ẹ̀rù sì bà mí dé ibi tí ẹ̀rù kò tíì bà mí dé rí. Omi ń wọ imú ọkùnrin tí ó dojú bolẹ̀ yẹn, mo ń wò ó, n kò lè ṣe nǹkan kan fún un.

Nígbà náà ni nǹkan dì mí mú ní ọrùn ọwọ́. Ó fà mí, ó da ojú mi délẹ̀ kí omi lè jáde, ó jókòó tì mí títí oòrùn fi yẹ̀. Dìímú ni. Láti ọjọ́ tí mo ti fò jáde ni ó ti ń tọ̀ mí lẹ́yìn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo lè jókòó, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ rẹ ń sáré bí ẹran tí wọ́n lé. Bí n kò bá dé ni?” Mo sunkún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: èmi ni mo sunkún, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Mo padà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá, mo gbé àdó kalẹ̀. Mo rò pé yóò lé mi. Ó ní, “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Dìde, o ti jẹun?” Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi jẹ́ kí n sinmi, a sì ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni ó tún tẹ́ ẹní.

Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà yà, mo dúró. Ohùn Ìyá dé ọ̀dọ̀ mi láti òkèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “A wà níbí. Bí o bá fẹ́ wò ó, wò ó.” Mo gba ọ̀nà òsì.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ẹkùn. Èmi fúnra mi ni mo rí, mo jókòó sídìí igi àràbà, mo ń bínú. Èmi àti Ògúnwándé ti jà ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́gbẹ́ ọdẹ tiwa, ẹni tí ọta rẹ̀ kọ́kọ́ ba ẹran ni ó ni ìrù rẹ̀, ó ní òun ni, mo ní èmi ni. Nítorí ìrù ìgalà, ẹ̀yin ará! A pínyà. Òfin wa sì ni pé bí alájọrìn rẹ bá súfèé nínú igbó, o gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, ìbáà ṣe pé ẹ ń jà. Ó súfèé. Mo gbọ́. Mo ní, ó fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tún bẹ̀ sí i. Ó súfèé lẹ́ẹ̀kejì. Mo gé obì sẹ́nu. Ó súfèé lẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹlẹ̀. Nígbà tí inú mi rọ̀ tí mo dìde lọ, oká ti bu ọ̀rẹ́ mi ṣán, ó ti kú. Mo délé, mo sọ fún gbogbo ìlú pé n kò gbọ́ nǹkan kan.

Èyí ni mo sọ fún Ìyá Elétímẹ́rin nígbà tí ara mi padà. Etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó fi gbọ́ ọ. Kò ní kí n ṣe ọkàn gírí. Kò ní n kò jẹ̀bi. Ó ní, “Ó dùn ọ́ púpọ̀.” Mo ní, “Ó dùn mí, Ìyá. Mo fẹ́ràn rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ tí kò ju ìwọ̀nyí lọ, ọdún mẹ́ta ni ó fi há mi lọ́fun.

Ìgbà mẹ́fà ni a tún jókòó lẹ́yìn ìyẹn láì lo oògùn, ìgbà kan péré ni a tún lò ó. Ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, a ó yẹ ohun tí mo rí wò, Ìyá á sì fún mi ní iṣẹ́ kékeré tí n ó ṣe: kí n gbálẹ̀, kí n kí ènìyàn mẹ́ta, kí n sọ ìtàn Ògúnwándé kan tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ajókòósáyà ń fọn. Ó kéré tó ewúrẹ́, ó kéré tó adìẹ, ó sọ̀kalẹ̀ láyà mi, ó ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn kóókóó. N kò ní purọ́ fún yín pé ó ti kú. Ìgbà mìíràn wà tí ó ṣì máa ń wá jókòó, mo sì ti mọ bí mo ṣe ń sọ fún un pé kí ó sún. Ìyá bi mí, ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò, pé, “Ta ni ó tún yẹ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?” Mo mọ ẹni tí ó ń wí. Mo kó ẹrù mi, mo gba ọ̀nà ilé.

Ọ̀la ni ọdún Ògún nígbà tí mo wọ ìlú. N kò yà sílé. Àwẹ̀ró jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. A ti ń wá yín.”

Mo kúnlẹ̀. Ó ní, “Kí ló dé? Ẹ dìde, ẹ má fi èpè lé mi lórí.” N kò dìde. Mo sọ fún un lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, láti orí ìrù ìgalà dé orí irọ́ tí mo pa. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ, n kò mọ̀ bí ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó súfèé?”

Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.”

Ó da àwo ẹ̀gúsí náà sí mi lójú. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sí ìta títí oòrùn fi wọ̀, mo ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú yẹ̀pẹ̀, kò sì ṣílẹ̀kùn. Mo lọ sílé. Mo gbà pé ẹlòmíràn ni yóò kọ orin náà.

Ní òwúrọ̀ ọdún, gbogbo ọdẹ pé jọ. Olúọdẹ wò mí, mo wo ilẹ̀. Ni a bá rí Àwẹ̀ró tí ń bọ̀. Ó ru ẹrù Ògúnwándé fúnra rẹ̀, àpò, ìbọn àti ẹ̀wù, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú mi, kì í ṣe síwájú ẹlòmíràn. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́, mo fẹ́ gbọ́.” Mo la ẹnu, ohùn jáde:

“Ògúnwándé, arìnnínú-igbó má tẹ ewé,
Afínjú ọdẹ tí ń fi obì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹran,
O pè mí, n kò jẹ́.
O pè mí lẹ́ẹ̀kejì, mo di etí.
Lónìí ni mo wá dá ọ lóhùn,
Máa lọ, ọ̀rẹ́ mi, ìrù ìgalà, ìwọ ni o ni ín.”

Àwọn ọdẹ kan wò mí pẹ̀lú ìbínú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Olúọdẹ bu ìtanràn ajá mẹ́ta lé mi lórí níbẹ̀, mo san án, mo sì ń kọrin lọ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí wọ́n gbé ẹrù òkú lọ sínú igbó, Àwẹ̀ró wá dúró tì mí. Ojú rẹ̀ wú, ó ti sunkún mọ́jú.

Ó ní, “Ọkọ mi, ìbínú mi sí yín kò tíì tán, yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ kò mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá òkú jà. Mo ní, ọkùnrin yìí, báwo ni o ṣe kàn jókòó, tí o kú, tí o kò pe ẹnikẹ́ni? Ṣé èmi àti ọmọ rẹ kò tó ohun tí ènìyàn ń pariwo nítorí rẹ̀ ni?” Ó fi ìborùn nu ojú. “Ó pè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó pè. Ó fẹ́ wá sílé.”

Ó lọ sílé lọ gbálẹ̀ yàrá rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, tèmi ni mo sọ tán yìí. Ẹni tí ó bá ní tirẹ̀ lọ́fun, etí mi kò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbí.